Ṣé is_admin nìkan tó? Bí a ṣe ń pín àṣẹ nínú ápù ilé ìtajà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ápù fún ọ̀gá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù, búráǹṣì mẹ́ta ló ní, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́. is_admin nìkan, àmì bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá tó ń sọ bóyá èèyàn jẹ́ alábòójútó, ló wà nínú tébù users mi (àtẹ orúkọ àwọn tó ń lo ápù nínú dátábéèsì) tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá ní kaṣíà ò gbọ́dọ̀ mọ iye tí wọ́n ra ọjà mo fi is_cashier kún un, ó tún ní mánéjà lè ṣe ẹ̀dínwó fún oníbàárà ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, mo fi can_discount sí i, ó ní akáúńtáǹtì gbọ́dọ̀ rí gbogbo nǹkan àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, ni mo bá tún fi is_accountant sí i. Ní báyìí if, ìyẹn "tó bá jẹ́ pé", ti kún inú kóòdù mi, èmi gan-an ò mọ ẹni tó lè ṣe kí ni mọ́. Báwo ni kí n ṣe tò ó? Àti pé tí mo bá ti fi bọ́tìnì pamọ́ fún ẹni tí kò láṣẹ, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìbéèrè kejì yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè tètè kó ẹ sí wàhálà. Rárá o, kò parí síbẹ̀. Gbogbo ohun tí bọ́tìnì ń ṣe ò ju pé ó ń rán iṣẹ́ sí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà ápù tó sì ń dá a lóhùn, lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò á ṣí developer tools nínú Chrome, á wo irú iṣẹ́ tí ápù ẹ ń rán, á sì fọwọ́ ara ẹ̀ rán an láì tẹ bọ́tìnì kankan. Tí sáfà bá gbà á pé bọ́tìnì ti bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti tán. Fi bọ́tìnì pamọ́ kí ojú kaṣíà má bàa kún fún nǹkan tí kò kàn án, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n má kà á sí ààbò.

Ní 2019, ilé iṣẹ́ First American ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì lórí ìwé ilé àti ilẹ̀, ìwé àwọn oníbàárà wọn tó tó mílíọ̀nù 885 ló wà níta gbangba. Kò sẹ́ni tó já kọ́kọ́rọ́ kankan wọlé o. Líǹkì ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú, ẹni tó bá ti ní líǹkì tiẹ̀ lọ́wọ́ tó sì yí nọ́ńbà yẹn padà, ìwé ẹlòmíì ló máa jáde sí i, láìsí pé wọ́n ní kó lọ́ọ̀gì in rárá. Sáfà ò béèrè pé ìwọ ta ni. Irú ìwà báyìí ló jẹ́ kí OWASP, àwọn tó máa ń to àléébù ápù tó léwu jù, gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kò ṣiṣẹ́ láti ipò karùn-ún tó wà ní 2017 lọ sí ipò kìíní ní 2021.

Torí náà gbogbo iṣẹ́ tó bá dé sáfà, sáfà fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ló ń rán an, kí ló fẹ́ ṣe, orí èwo ló fẹ́ ṣe é. Ẹ̀kẹta yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Kaṣíà Òṣogbo láṣẹ láti wo rìsíìtì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rìsíìtì Òṣogbo ni. Tí kóòdù ẹ bá rí i pé kaṣíà ni, tó wá kàn ní SELECT * FROM sales WHERE id = 4521, ìyẹn mú rìsíìtì 4521 wá, rìsíìtì Ìbàdàn ti lọ nìyẹn. Fi AND branch_id, nọ́ńbà búráǹṣì, kún un, kí branch_id yẹn sì jẹ́ èyí tí sáfà mọ̀ látinú session (àkọsílẹ̀ tí sáfà ń tọ́jú nípa ẹni tó ti lọ́ọ̀gì in), má gbà á látinú nǹkan tí fóònù fi ránṣẹ́, ẹni tó lè yí nọ́ńbà rìsíìtì padà lè yí nọ́ńbà búráǹṣì náà padà. Àwọn kan á ní kó o lo UUID, nọ́ńbà gígùn tí kò tẹ̀ léra, dípò 4521 kí nọ́ńbà má ṣeé fojú dá. Ó dáa, lò ó, ṣùgbọ́n líǹkì á jáde lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì rí i á wọlé tí sáfà kò bá béèrè nǹkan kan. Tó bá jẹ́ dátábéèsì PostgreSQL lo ń lò, row-level security, òfin tó ń sọ ìlà tí ẹnì kan lè rí nínú tébù, ti wà níbẹ̀ láti version 9.5, o lè jẹ́ kí dátábéèsì fúnra ẹ̀ máa ya búráǹṣì sọ́tọ̀, kó o má bàa gbára lé pé o ò ní gbàgbé AND yẹn níbì kan. Kìkì pé òfin yẹn kì í mú superuser (ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo dátábéèsì), kì í sì í mú ẹni tó ni tébù àfi tó o bá fi FORCE sí i, torí náà tí ápù ẹ bá ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni tébù, wàá kàn máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ti iye tí wọ́n ra ọjà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé sáfà ẹ ń kó gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù ọjà ránṣẹ́, cost_price wà nínú ẹ̀, fóònù ni kò kàn gbé e síta. Lọ wo JSON yẹn, ìyẹn dátà tí sáfà fi ń dá fóònù lóhùn. Tó bá wà níbẹ̀, kaṣíà ti rí i. Èyí tí ẹni náà ò láṣẹ láti rí, má jẹ̀ẹ́ kó kúrò ní sáfà rárá, má sì gbàgbé rìpọ́ọ̀tì àti fáìlì Excel tí wọ́n ń gbà jáde, ibẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ra ọjà máa ń gbà jò jù.

Ó yá, ká bọ́ sórí bó o ṣe máa tò ó. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé orúkọ èèyàn lo fi ń béèrè, ṣé mánéjà ni, ṣé kaṣíà ni. Kóòdù ò gbọ́dọ̀ mọ mánéjà rárá. Ohun tó yẹ kó máa béèrè ni pé ṣé ẹni yìí lè kánsù ọjà yìí. Ferraiolo àti Kuhn tí wọ́n wà ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìlànà, ló kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1992, pé kí wọ́n kó àṣẹ sínú ipò, kí wọ́n wá fi èèyàn sí ipò. Tébù márùn-ún ni: users, roles, permissions, èyí tó so ipò mọ́ àṣẹ, èyí tó so èèyàn mọ́ ipò. Nínú tìẹ, fi branch_id sínú èyí tó so èèyàn mọ́ ipò, kí èèyàn kan lè jẹ́ mánéjà ní Òṣogbo kó sì jẹ́ ẹni tó kàn lè wò ní Ìbàdàn, irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá lọ sìnmi tí wọ́n ní kí ẹlòmíì dúró fún un.

Má jókòó sílé ronú orúkọ àwọn àṣẹ yẹn. Lọ jókòó sí búráǹṣì látàárọ̀ títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù, máa kọ gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Wọ́n ń tà, wọ́n ń tà láwìn, wọ́n ń gba owó àwìn, wọ́n ń gba ọjà tí oníbàárà dá padà, wọ́n ń kánsù, wọ́n ń kó ọjà lọ búráǹṣì míì, wọ́n ń ka sítọ́ọ̀kù, wọ́n ń yí iye padà nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan di àṣẹ tiẹ̀: sale.create, sale.credit, sale.void, stock.adjust, price.edit, cost.view. Wíwo àti yíyí padà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe yanjú ti akáúńtáǹtì láì ní is_accountant kankan, ipò ẹ̀ á ní gbogbo àṣẹ wíwò, kò ní ní ọ̀kan nínú èyí tó ń yí nǹkan padà. Ohunkóhun tó ò bá dárúkọ, rárá ni ìdáhùn ẹ̀. Saltzer àti Schroeder, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ti sọ èyí láti 1975, pé bẹ̀rẹ̀ látorí rárá kó o wá máa fúnni láṣẹ, má bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀ ni kó o wá máa dínà.

Ẹ̀dínwó yàtọ̀. Tó o bá sọ pé mánéjà kékeré, mánéjà àárín, mánéjà àgbà, nítorí iye ẹ̀dínwó, ipò á pọ̀ ju èèyàn lọ ní ọdún kan. Iye ni, kì í ṣe ipò. Fi òǹkà sí i: ẹni tó wà nípò yìí lè dín tó ìdá 3 nínú 100, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kó di ìbéèrè tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí. Kí ọ̀gá lè yí 3 yẹn padà láti ojú ẹ̀rọ, kó má jẹ́ pé ìwọ ló máa pè.

Èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà, torí owó ọ̀gá ẹ wà níbẹ̀, o ò sì béèrè ẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe ń jalè níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Oníbàárà ra àpò 20, ó sanwó, ó gba rìsíìtì, mọ́tò ti gbé e lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ kaṣíà á kánsù ọjà yẹn lórí ápù, á ní oníbàárà yí ọkàn padà, owó á wọ àpò ẹ̀. Ápù á wá dá àpò 20 padà sínú sítọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀. Tí wọ́n bá kà á wọ́n á rí i, àfi tí ẹni kan náà bá tún láṣẹ àtúnṣe sítọ́ọ̀kù, á kọ ọ́ pé àpò 20 ti dì, òjò ló pa á. Gbogbo ìṣirò á bára mu régé. Akáúńtáǹtì ò ní rí nǹkan kan, torí kò sí nǹkan tó kù tàbí tó lé. Àṣẹ méjì yẹn, kò sí ọ̀kan tó burú lọ́tọ̀, ọwọ́ ẹnì kan náà tí wọ́n bọ́ sí ló burú.

Nick Leeson ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ irú ẹ̀. Ó ń ra ó ń tà fún ilé ìfowópamọ́ Barings ní Singapore, òun náà ló tún jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣètò ìwé ohun tó rà tó tà. Ó ń kó àdánù pamọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 88888. Nígbà tó fi máa tú ní 1995, mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn ti lọ, ilé ìfowópamọ́ tó ti wà láti 1762 wó, ING, ilé ìfowópamọ́ kan ní Netherlands, sì rà á ní pọ́n-ùn kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà rí mọ inputter àti authorizer, ẹni tó kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ kọ́ ló máa fọwọ́ sí i. Ohun kan náà lo máa gbé sínú ápù ẹ, kò le.

Ṣe tébù kan fún ìbéèrè: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ta ló béèrè, ta ló fọwọ́ sí i, ìgbà wo, kí ni ìdí. Fi CHECK (approved_by <> requested_by), ìyẹn ẹni tó béèrè kọ́ ló máa fọwọ́ sí i, sí i nínú dátábéèsì gan-an, má fi sílẹ̀ fún kóòdù nìkan, torí lọ́jọ́ kan ẹlòmíì á bá ẹ kọ ojúewé míì tí á gbàgbé. Lẹ́yìn náà kọ àwọn àṣẹ tí ò gbọ́dọ̀ bára wọn gbé sílẹ̀: kíkánsù àti àtúnṣe sítọ́ọ̀kù, ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń kó ọjà wá àti ẹni tó ń fọwọ́ sí owó wọn, ẹni tó ń dá user sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ara ẹ̀ sí ipò míì. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi méjèèjì fún èèyàn kan, kí ápù kọ̀.

Wàá ní èèyàn méjì péré ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i lórí fóònù ẹ̀ nígbà yẹn. Ńẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ ńkọ́, oníbàárà sì dúró síwájú? Kaṣíà á ta ọjà tó tọ́ fún un lórí rìsíìtì tuntun, ti àkọ́kọ́ á wà ní ipò ìdúró títí ẹni tó láṣẹ fi máa fọwọ́ sí i, sítọ́ọ̀kù ò sì ní padà títí dìgbà yẹn. Èyí tó ò gbọ́dọ̀ gbà fún wọn ni kí mánéjà máa pe pásíwọọ̀dù ẹ̀ lórí fóònù fún kaṣíà pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ṣe é, mo fi dá ẹ lójú, tí o ò bá fún wọn ní ọ̀nà míì. Kóòdù ẹ̀ẹ̀kan péré, tó jẹ́ ti rìsíìtì yẹn nìkan, tó máa kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn ni kó ka fún un.

O ò sọ fún mi bóyá kaṣíà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiẹ̀, mo sì ń fura pé "cashier1" ni gbogbo wọn ń lò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ ò wúlò, torí kò ní sí bó o ṣe máa mọ ẹni tó ṣe é. Àmọ́ má dá wọn lẹ́bi, wọ́n ń pín in torí lílọ́ọ̀gì in ń gba àkókò, ìlà oníbàárà ti gùn. Jẹ́ kó yá. Lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tí o ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lórí sáfà, kí kaṣíà tẹ orúkọ ẹ̀, kó tẹ PIN nọ́ńbà mẹ́fà, ó ti wọlé. PIN yẹn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ míì, tó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tì pa. Ọ̀gá àti akáúńtáǹtì tó ń wọlé láti ilé, tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ pásíwọọ̀dù gidi pẹ̀lú ẹ̀rí kejì, ápù authenticator tó ń mú kóòdù jáde tàbí passkey, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ, mi ò fẹ́ SMS torí àwọn tó ń gba SIM onísìm mọ́ ọn lọ́wọ́. Argon2id tàbí bcrypt, àwọn ọ̀nà tó ń yí i sí ohun tí kò ṣeé kà, ni kó o fi tọ́jú pásíwọọ̀dù, má kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà láéláé. Má sì fipá mú wọn pé kí wọ́n yí i padà lóṣooṣù, NIST gan-an ti ní ká jáwọ́ nínú ẹ̀, Bọ́lá2024 á kàn di Bọ́lá2025 ni.

Tí ẹnì kan bá kúrò níṣẹ́, má pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, rìsíìtì tó tà á di ti ẹni tí kò sí. Ṣe ni kó o tì í. Tó bá jẹ́ JWT lo ń lò, tókìnnì tí sáfà ń fún ẹni tó bá ti wọlé kó máa fi hàn, mọ̀ pé títì í nínú tébù users ò gba tókìnnì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ẹ̀ fi máa pé, mo ti rí èyí tí wọ́n fún ní oṣù kan gbáko! Jẹ́ kó jẹ́ ìṣẹ́jú 15, tàbí kó o kúkú fi session sínú dátábéèsì, fún ilé ìtajà mẹ́ta kò sí ohun tó ń lé ẹ dé ibi JWT. Ẹni tó sì kúrò ní Ìbàdàn lọ Òṣogbo, kí ti Ìbàdàn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń rántí fi tuntun kún un, wọn kì í rántí gba ti àtijọ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ápù tẹ ojú ìwé kan fún ọ̀gá, orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó lè ṣe ní èdè tó yé e, kó buwọ́ lù ú.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kó rí gbogbo nǹkan, kó máa fọwọ́ sí nǹkan, kó má sì ní àṣẹ láti ta ọjà tàbí yí sítọ́ọ̀kù padà lójoojúmọ́. Inú ẹ̀ lè má dùn sí i. Sọ fún un pé tí wọ́n bá jí fóònù ẹ̀ gbà ní mọ́tò, ohun tó bá lè ṣe lòun náà lolè lè ṣe. Ìwọ náà ńkọ́ o, developer? Ápù ò gbọ́dọ̀ wọ dátábéèsì gẹ́gẹ́ bíi superuser, ìwọ náà ò sì gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ "postgres" wọlé lọ tún rìsíìtì ṣe nítorí pé wọ́n pè ẹ́. Tébù àkọsílẹ̀, èyí tó ń kọ ẹni tó ṣe nǹkan, ìgbà tó ṣe é, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó yí i sí, fún ápù ní INSERT (fífi kún un) àti SELECT (wíwò) nìkan lórí ẹ̀, kó má sí UPDATE (yíyí padà), kó má sí DELETE (pípa rẹ́). Lọ́jọ́ tí owó bá sọnù, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, àkọsílẹ̀ yẹn ló máa gbà ẹ́.

Ìwé àwìn wọn ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn nínú, torí náà òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 kàn ọ̀gá ẹ. Tí nǹkan wọ̀nyẹn bá jò tó sì lè ṣèpalára fún àwọn tó ni wọ́n, wákàtí 72 ló ní láti fi sọ fún Nigeria Data Protection Commission, àjọ tó ń bójú tó òfin yẹn, látìgbà tó bá ti mọ̀. Láìsí àkọsílẹ̀, kò ní mọ ohun tó máa sọ.

Má tú gbogbo kóòdù ẹ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣá. Ọ̀sẹ̀ yìí, lọ fi branch_id sí gbogbo ibi tó yẹ kó wà ní sáfà, kó o sì yọ cost_price kúrò nínú JSON, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ dúró de nǹkan kan. Lẹ́yìn náà kọ function kan ṣoṣo, can(user, àṣẹ, ohun náà), kó kọ́kọ́ máa ka àwọn is_ àtijọ́ yẹn nínú, kó o sì máa fi òun rọ́pò àwọn if lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti ṣe tébù tuntun, jẹ́ kó máa ka méjèèjì pọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ìdáhùn wọn ò bá ti bára mu, wàá rí àwọn ibi tí ẹnì kan ti ní àṣẹ tí ọ̀gá ò mọ̀ sí, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá kó o tó gbà á kúrò. Tí wọ́n bá ti ń bára mu fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan ọjọ́ tí wọ́n ka sítọ́ọ̀kù ìparí oṣù, yọ can_discount, yọ is_cashier, yọ is_accountant, is_admin ni kó o yọ gbẹ̀yìn.